Ohùn Ìyá Mi àti Bátìrì Tí A Sá Sóòrùn

Ikùn ni mo fi kọ́kọ́ gbọ́ gìtá béèsì, kì í ṣe etí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá ilé wa ní Fante New Town, ní Kumasi, mo fẹ̀yìn ti àpótí sípíkà kan tó ga jù mí lọ, mo ń jẹ ẹ̀pà, nígbà tí Wọ̀fá Délé fi ìka kan ṣoṣo fa okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni Wọ̀fá Délé. Wọ̀fá ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi ń pe arákùnrin ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Àṣáńtì, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ohùn náà kò gba etí mi wọlé. Ó gba eegun ẹ̀yìn mi, ó dé inú ikùn, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ìgbà tí lọ́rì akẹ́rù bá dúró sí ẹnu ọ̀nà tí kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo tu ẹ̀pà ẹnu mi sọ́wọ́. Mo rò pé àìsàn ló ń bọ̀. Nígbà tó fa okùn kejì, mo mọ̀ pé àìsàn kọ́, mo sì mọ̀ pé n kò fẹ́ kó tán. Láti ọjọ́ náà di òní, n kò tíì rí oúnjẹ tó yó mi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀ nínú àgbàlá wa ni. Òfin kónílé-gbélé ti pa gbogbo ilé ijó ìlú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, sójà ló ni títì, ẹgbẹ́ olórin tó ń fi alẹ́ jẹun kò sì rí alẹ́ mọ́. Nítorí náà, ọ̀sán gangan ni ẹgbẹ́ ìyá mi wá. Ìyá mi ló ń kọrin, Wọ̀fá ló ń ta béèsì, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Yaw ló ń lu ìlù jáàsì, àwọn mìíràn sì ń fọn fèrè. Maikirofóònù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọ́n so ó rọ̀ sórí okùn ìsáṣọ, láàárín aṣọ ìbora méjì, kí ohùn má baà máa gbá ògiri padà. Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé lórí gbígba orin sílẹ̀ láti ìgbà náà, mo ti tú ẹ̀rọ mo sì ti tò ó padà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọgbọ́n tó ju tiwọn lọ: ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni wọ́n tì sẹ́yìn jù. Yaw àti ìlù rẹ̀ bá ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn afọnfèrè dojú kọ ògiri ilé ìwẹ̀. Ìyá mi nìkan ló súnmọ́ maikirofóònù, tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ wà nínú orin náà. Bí ẹnì kan bá ṣìṣe, gbogbo wọn á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí pé ká gé ibì kan lẹ̀ mọ́ ibì kan. Ohun tí ènìyàn bá ṣe níbẹ̀ lójú ara wọn, òun náà ni yóò wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá odó dúró," ni ìyá mi wí.

"Ṣé orin ni a ó jẹ lálẹ́?" Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọmọ odó sílẹ̀.

Orin ẹ̀fẹ̀ ni orin náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọ bàtà tó ń dán wá sí ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ń bi í pé: "Bàtà tí o wọ̀ wá, ta ló ni ín o? Onítọ̀hún ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró." Orin tó yára ni, bí ẹni tó ń sá lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ní ẹsẹ̀ kẹta, adìyẹ Ìyá Àgbà kan fò sórí ìlù Yaw. Ìlù náà dún "pọ̀!" níbi tí kò yẹ, ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń rẹ́rìn-ín ló ń kọrin lọ títí ẹsẹ̀ náà fi parí. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbà. Ìyá mi kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ra kásẹ́ẹ̀tì náà ti ra adìyẹ kún un.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ẹni tó ni ohun èlò ẹgbẹ́ náà kó gbogbo rẹ̀ tà, tí ìyá mi àti Yaw sì wọ lọ́rì lọ sí Lagos, níbi tí wọ́n ní ilé ìtura ṣì ń gba olórin. Ọmọ Lagos ni wọ́n ń pè wá ní Kumasi, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá Àgbà, tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò fojú kan Lagos rí. Bàbá mi dúró nítorí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Wọ̀fá dúró nítorí pé Ìyá Àgbà sọ pé òun kò ní fi ọmọ méjì ránṣẹ́ sí ọ̀nà kan náà. Ní àárọ̀ tí ìyá mi ń lọ, ó di irun mi le jù, bó ti máa ń ṣe bí inú rẹ̀ kò bá balẹ̀. "Àdùkẹ́," ó wí, "máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí mo bá dé, èmi á kọ ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì, ìwọ á mú ìkẹta. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti rẹ́rìn-ín, ìwọ má rẹ́rìn-ín o. Kọrin lọ ní tìrẹ." Mo ní mo gbọ́. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, iṣẹ́ náà sì ni mo ṣì ń jẹ́.

Ọdún ebi ni. Òjò kọ̀, iná igbó jó oko, eegun ọrùn gbogbo ènìyàn yọ síta débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ẹ̀gbà ọrùn tí ìjọba fún gbogbo ará ìlú. A ń se ìbẹ́pẹ tútù bí ẹni ń se iṣu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo lẹ́yìn ilé wa, tí ariwo rẹ̀ ti ń jí mi láti ìgbà tí mo ti dáyé, dákẹ́ nítorí kò sí ohun tí yóò lọ̀. Odó dákẹ́. Àwọn adìyẹ tán, títí kan èyí tó fò sórí ìlù. Ìró tó ṣẹ́ kù nínú àgbàlá wa ni ti omi tí a ń dà láti inú garawa kan sí òmíràn, ti ìpè àdúrà láti àdúgbò Alabar, àti ti kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà a máa pòwe pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò ní tíì parí òwe náà tán kó tó sọ pé, "Gbé Àbẹ̀kẹ́ wá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Àbẹ̀kẹ́ ni ó ń pe ìyá mi, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú bátìrì. Iná ìlú tó ń wá ní ségesège ti wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó jó ibi tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wa ti ń gba iná, nítorí náà bátìrì ńláńlá mẹ́rin ni ó kù tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Tuntun kò sí lọ́jà. Bí mo bá ti gbálẹ̀ tí mo pọn omi tán láàárọ̀, mo máa ń yọ wọ́n, mo máa ń fi òkúta tẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè pọ̀ agbára tó kù síta, mo sì máa ń tò wọ́n sórí páànù tí Ìyá Àgbà fi ń sá ata. Lọ́sàn-án mo máa ń yí wọn padà bí ẹni ń yí àkàrà. Bí wọ́n bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ṣe é mú lọ́wọ́, mo mọ̀ pé a ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, bóyá ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fura sí nìyí, mo sì fẹ́ kó yé ẹni tó ń kà á dáadáa. Bátìrì tó ti rẹ̀ kò lágbára láti yí kásẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ. Téèpù tó yẹ kó rin ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á máa wọ́sẹ̀. Bó bá sì ti ń wọ́sẹ̀, orin á falẹ̀, ohùn á sì rẹlẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ọmọdé pàápàá á mọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi inú àmù ṣe ń fà ni, tí ẹni tó ń bù ú lójoojúmọ́ kì í rí i. Láti oṣù dé oṣù, ohùn ìyá mi ń sọ̀ kalẹ̀. Ó di ohùn obìnrin tó sanra, ó di ohùn àgbàlagbà, ó di ohùn opó. Orin ẹ̀fẹ̀ di orin arò. "Ta ló ni ín o" wá dà bí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí wọ́n bá wá kí Ìyá Àgbà, wọ́n á jókòó gbọ́ ọ, wọ́n á sì nu ojú wọn. Ẹ̀rín ẹsẹ̀ kẹta pàápàá di ohun tó jọ ẹkún, Ìyá Àgbà a sì máa mi orí níbẹ̀, á ní, "Ọmọ mi ti mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀nà jìn."

Wọ̀fá, tó ta béèsì orin náà gan-an, kò fura. Gìtá onígi kan ló kù sí i lọ́wọ́. Ó yọ okùn wẹ́wẹ́ méjì kúrò lára rẹ̀ kí mẹ́rin tó kù lè dúró fún béèsì, ó sì ń bá kásẹ́ẹ̀tì náà ta á ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Lóòrèkóòrè ló ń rí i pé gìtá òun ti ga ju orin lọ. Á tú okùn díẹ̀, á tẹ́tí, á tún tú u. "Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ló ń fa igi gìtá," ó wí fún mi. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, nítorí pé gbogbo nǹkan mìíràn ní ọdún náà ló ń gbẹ tó ń sán. Ìka rẹ̀ náà sì kọ́ ìrìn tuntun: ó ń rọra, ó ń dúró, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ̀lé òkú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Lọ́rì ń wọ gáréèjì Kejetia láràárọ̀, èrò rọ̀ mọ́ wọn bí oyin, tàwọn ti mátíràsì, rédíò àti àpò ńláńlá. Àwọn tó lọ láti àdúgbò wa ń dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ariwo ayọ̀ á sọ ní ilé kan, a ó sì dìde dúró, a ó tún jókòó. Ìyá mi kò sí nínú wọn. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ń lọ dúró ní Kejetia pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí bàbá mi kò sí nílé, Yaw wọ inú àgbàlá wa. N kò mọ̀ ọ́n títí ó fi pè mí ní Adwoa, orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò gbé ẹrù kankan.

Ẹni tó bá gbé Kumasi mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò níbẹ̀. A ó fún un níjòókòó, a ó fún un lómi. Bó bá mu omi tán ni a ó tó bi í léèrè amánẹ̀ẹ̀, èyíinì ni ìdí ìrìnàjò rẹ̀, àlejò kò sì gbọdọ̀ là á kí wọ́n tó bi í. Àwa náà ti gba àṣà yìí bí ẹni pé láti Ògbómọ̀ṣọ́ la ti gbé e wá. Ìyá Àgbà bu omi fún Yaw. Yaw mu ún. Gbogbo àgbàlá ń retí ìbéèrè.

"Mu sí i," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọ̀nà jìn."

Ó mu sí i.

"Àdùkẹ́, lọ bu omi tí yóò fi ṣan ẹsẹ̀. Yaw, màmá rẹ ńkọ́? Ṣé o ti débẹ̀?"

"Rárá, Maame. Ibí ni mo kọ́kọ́ wá."

"O ṣeun. Ṣé o máa jẹ ìbẹ́pẹ? Kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbóná. Lọ́rì tí ẹ wọ̀ ńkọ́, ṣé ó ní ìbòrí?"

Ó bi í ní ti lọ́rì, ó bi í ní ti òjò, ó bi í bóyá wọ́n ń ta iyọ̀ lójú ọ̀nà. Ó tún bu omi fún un. Yaw gbé ife náà lé orúnkún, ó ń wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ̀fá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó di ọrùn gìtá mú. Kò sí ẹni tó lè gba ìbéèrè náà mọ́ Ìyá Àgbà lẹ́nu, òun sì ni àgbà ilé. Bí kò bá béèrè, ọmọ rẹ̀ ṣì ń bẹ lójú ọ̀nà. Ọ̀sán náà ni mo kọ́ pé ènìyàn lè fi omi dá ikú dúró, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Bàbá mi wọlé láti Kejetia, ó rí Yaw, fọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Yaw! Amánẹ̀ẹ̀?"

"Má bi í!" Ìyá Àgbà kígbe, ṣùgbọ́n ó ti bi í.

Yaw gbé ife sílẹ̀. Yorùbá tó kọ́ nínú àgbàlá wa ló fi sọ ọ́. "Ẹnu ibodè ni, ní Sèmè. Wọ́n ti ti í pa, èrò pọ̀ bí eṣú. Sójà bi í pé ọmọ ibo ni. Ó fi Yorùbá dá a lóhùn. Sójà ní Yorùbá rẹ̀ ń rùn bíi Gánà, kó padà sínú ìlà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ mọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti ń gbóná nígbà yẹn. Omi tí a mu níbẹ̀ ló dà á nínú rú. Abẹ́ igi àgbọn la sin ín sí. Yanrìn ni, kò le. Mo fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ." Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Maame, due. Due." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Kumasi nìyẹn. Ìyá Àgbà bu omi mìíràn, ó sì dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A kò ní òkú tí a ó sin, nítorí náà ogójì ọjọ́ ni bàbá mi gbájú mọ́. A ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Ní ọ̀sán ó háyà sípínà kan láti Alabar, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ àti sípíkà kiri lórí ọmọlanke, tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin. Ènìyàn kan àti àpótí mẹ́rin ti rọ́pò ènìyàn mẹ́wàá. Bàbá mi ní bí a kò bá rí ara rẹ̀ sin, ó kéré tán kí ohùn rẹ̀ kún àgbàlá náà lẹ́ẹ̀kan, kó kọjá ògiri, kí gbogbo Fante New Town gbọ́ ẹni tó kú. Iná ìlú wà lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn jókòó nínú aṣọ dúdú àti pupa. Sípínà fi aṣọ nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi kásẹ́ẹ̀tì wa sínú rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọbìnrin kan jáde láti inú àpótí náà, ó ń sáré. Ohùn rẹ̀ ga, ó mọ́, ó ń tàkìtì lórí fèrè, kò sí ìbànújẹ́ kankan nínú rẹ̀. N kò bá a pàdé rí. Ìlù ń lé e lọ. Bàtà tí o wọ̀ wá, ta ló ni ín o! Ọmọdé kan láàárín èrò rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu.

Ìyá Àgbà dìde. "Ta nìyí? Ta ni ẹ mú wá sí òkú ọmọ mi?"

"Màmá, kásẹ́ẹ̀tì yín ni," ni sípínà wí.

"Irọ́ ni! Mo ti gbọ́ ọmọ mi lálaalẹ́. Èyí ń dún bí adìyẹ. Ẹ̀rọ rẹ ń fi Àbẹ̀kẹ́ ṣe ẹlẹ́yà!"

"Dín in kù," ni bàbá mi wí. "Ó ń sáré jù."

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò ní ibi tí wọ́n ti ń dín in kù."

Gbogbo wa yíjú sí Wọ̀fá Délé, ẹni tó ta béèsì náà. Ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ́tí, mo sì rí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń wá ibi tí orin náà wà lára ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, tí kò rí i. "Ó ti ga jù," ó wí níkẹyìn. "Kò rí báyìí. Dín in kù."

Yaw nìkan ló dìde láti ẹ̀yìn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Mo bẹ̀ yín. Òun gan-an nìyẹn. Bó ṣe ń sáré nìyẹn. Èmi ni mo lù ú, ọwọ́ mi kì í lo bátìrì!" Ṣùgbọ́n òun ló gbé ìròyìn ikú wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gba ìròyìn mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi tún pàṣẹ. Sípínà, tí ẹ̀rù ń bà, ṣí ìdérí ẹ̀rọ, ó sì fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ tó ń yí téèpù. Ohùn náà falẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúdú, ó di ti ìyá mi, ti gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọdún náà. Ìyá Àgbà jókòó, ó sunkún. "Òun nìyẹn," ó wí. "Òun nìyẹn." Ó tó ìlà méjì péré. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dá dúró kò gba téèpù mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń tì í wá kò dúró. Téèpù náà dì jọ sínú ẹ̀rọ, ó ká, ó fún, ó sì já. Ariwo kan jáde bí aṣọ tó ya.

Sípínà ń fi èékánná fa téèpù náà jáde ní ìwọ̀n kékeré kékeré, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Yaw gbé ọpọ́n onírin kan tí a fi ń fọṣọ, ó dà á dojú dé, ó mú igi ìdáná méjì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orin ti já. Kò kọrin. Ìrìn rẹ̀ nìkan ló lù, ìrìn ọmọbìnrin tó ń sáré yẹn. Wọ̀fá sáré gbé gìtá rẹ̀ wá láti tẹ̀lé e. Kò bá a. Ìka rẹ̀ ń dé lẹ́yìn tí ìlù ti kọjá, ó ń dé lẹ́yìn, ó ń dé lẹ́yìn, títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Yaw lù ú nìkan dé òpin. Ní ẹsẹ̀ kẹta ó lu "pọ̀!" kan níbi tí kò yẹ, fún adìyẹ.

Wọ̀fá kò gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí orin ìlú di ti àwọn tó ti Jámánì dé pẹ̀lú ìlù inú ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú wọn gbà á síṣẹ́. Ní ilé sinimá kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ni mo ti rí i. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń kọrin. Olórin ń la ẹnu lásán, Wọ̀fá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gìtá tí kò ní okùn iná, ó ń mi ìka. Mo jókòó níwájú. Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé kì í ṣe orin ọkùnrin náà ló ń tẹ̀. Orin ìyá mi ló ń ta, ní ìrìn bátìrì, láìsí ẹni tó gbọ́. Bó ṣe ń ta á nìyẹn títí ó fi kú, béèsì tí kò dún.

Gìtá onígi yẹn ni mo fi kọ́ ara mi. Ilé ìsìn ló gba ohun èlò là ní Kumasi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tó rò pé orin àfọwọ́ṣe kàn jí lójijì. Ìgbà tí kò sí ilé ijó tó lè ra ìlù mọ́, àwọn ìjọ tó ń pàdé nínú kíláàsì ń rà á, àwọn ọmọ ìjọ ń jókòó sídìí rẹ̀, ọmọbìnrin pàápàá lè ta béèsì bó bá ti jẹ́ fún Olúwa. Ibẹ̀ ni àwọn tó gbé orin àfọwọ́ṣe padà wá ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ olórin tó bá la ẹnu lásán. Wọ́n fẹ́ rí òógùn. Wọ́n fẹ́ gbọ́ àṣìṣe. Àwọn tó ti ta ìlù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá alùlù àti ẹni tó ń ta gìtá kiri, mo sì wà láàárín àwọn tí wọ́n rí.

Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí wọ́n ju téèpù náà nù, kò sì jẹ́ kí wọ́n tún un gbọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo nà án pẹ̀lú ìka, mo ká a sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun, mo lẹ ibi tó já. Ẹsẹ̀ kìíní àti díẹ̀ nínú ìkejì ló ṣẹ́ kù. Ìkẹta ti bàjẹ́ pátápátá. Mo ka ìlù rẹ̀: méjìdínlọ́gọ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo lọ bá Yaw, n kò jẹ́ kó gbọ́ ọ, mo ní kó fi ọwọ́ lu tábìlì bí ìyá mi ṣe ń lọ. Ó ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Méjìdínlọ́gọ́fà. Ohun tí a fi ń gbọ́ ọ ní ọdún náà, bí mo ṣe rántí rẹ̀ nínú ìka mi, kò tó ọgọ́rùn-ún.

Ẹgbẹ́ mi ń ta orin náà báyìí, láìsí kásẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn wa, maikirofóònù wa sì lé ní ẹyọ kan. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìrìn tó yẹ, méjìdínlọ́gọ́fà. Ẹsẹ̀ kìíní ń sáré, èrò ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ bàtà náà. Ẹsẹ̀ kẹta, tí ìyá mi fún mi, èmi ni mo ń kọ ọ́ tí mo sì ń ta béèsì sí i, ibẹ̀ náà ni béèsì mi ti ń wúwo, tí mo sì ń fa gbogbo ẹgbẹ́ sẹ́yìn. Yaw máa ń jókòó sórí àga níwájú, fóònù ọmọ rẹ̀ tó ń ka ìlù á wà lórí itan rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, méjìdínláàádọ́fà ni a fi parí. "Adwoa," ó wí, "ẹ ṣì ń sọkún." Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Sátidé tó kọjá, mo dé ibi ẹ̀rín, n kò rẹ́rìn-ín, mo kọrin lọ ní tèmi bó ṣe rán mi. Yaw fi ìka lu "pọ̀!" kan lára àga. Nígbà tí a parí, ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó nà án sí mi. Márùndínlọ́gọ́fà. Ó ku mẹ́ta.